Ọwọ́ Òsì Oníṣẹ́ Fọ́tò: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ọ̀nà Àbùjá Orí Kíbọ́ọ̀dù nínú Photoshop

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ fọ́tò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣì wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jẹ mọ́ kámẹ́rà, kò sì jẹ mọ́ iná tí à ń tàn sí ojú ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó jẹ mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òde, nígbà tí a bá ti padà dé ṣọ́ọ̀bù, tí a ti da fọ́tò inú káàdì sórí kọ̀ǹpútà, tí oníbàárà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá lórí fóònù pé ìgbà wo ni iṣẹ́ òun yóò jáde. Ìdí jíjókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ ayé wa ń lọ sí, a kì í sì í sábà kọ́ ara wa bí a ṣe ń jókòó tì í.

Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fọ́tò tí ojú wọn mọ iṣẹ́ dáadáa, tí wọ́n mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù lára aṣọ funfun àti ibi tí òjìji ti gbé ojú ènìyàn mì, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ òsì wọn máa ń sinmi lórí itan láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Máòsì á lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì ojú kọ̀ǹpútà lọ mú búrọ́ọ̀ṣì, á padà sórí fọ́tò, á gòkè lọ sọ búrọ́ọ̀ṣì náà di kékeré, á tún padà, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún lọ mú ìpele mìíràn (layer, tó dà bí ike mímọ́ gaara tí a tẹ́ lé fọ́tò lórí), á tún padà. Gbogbo ibi tí máòsì bá lọ ni ojú ń bá a lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà ni pé bí ọ̀nà àbùjá orí kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn títẹ bọ́tìnnì dípò kí a máa fi máòsì wá irinṣẹ́ kiri nínú Photoshop tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, tilẹ̀ ń mú kí iṣẹ́ yá, èrè rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ojú wa kì í kúrò lára fọ́tò mọ́.

Ẹ wo ẹni tó ń lu gángan. Ọwọ́ kan ló fi di ọ̀pá mú tó fi ń lù ú, ṣùgbọ́n apá kejì tó fi há ìlù náà mọ́ra, tó fi ń fún ọsán rẹ̀ tó sì fi ń dẹ̀ ẹ́, òun ló ń mú kí ìlù náà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní kí ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, ìlù á dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní fọhùn. Bí ó ṣe yẹ kí iṣẹ́ wa rí nìyẹn: kí ọwọ́ ọ̀tún máa kun fọ́tò, kí ọwọ́ òsì máa pààrọ̀ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún fi ń kun ún.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń sọ nípa àkókò. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Stuart Card, Thomas Moran àti Allen Newell, gbé ìwádìí kan jáde lórí bí àkókò tí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń lò nídìí kọ̀ǹpútà ṣe ń pín sí ìṣísẹ̀ kéékèèké. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé títẹ bọ́tìnnì kan ń gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ní nǹkan bíi 0.2 ìṣẹ́jú àáyá. Pé gbígbé máòsì láti ibì kan lọ tọ́ka sí ibòmíràn lójú ẹ̀rọ ń gba nǹkan bíi 1.1, pé kí ọwọ́ kúrò lórí máòsì lọ sórí kíbọ́ọ̀dù, tàbí kí ó padà, ń gba 0.4. Àwọn nọ́ńbà yìí kéré lójú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ṣírò iṣẹ́ ìgbéyàwó kan. Ká ní fọ́tò 120 ló máa wọ inú álíbọ́ọ̀mù, ká sì ní ẹ máa pààrọ̀ irinṣẹ́ tàbí kí ẹ pààrọ̀ ìwọ̀n búrọ́ọ̀ṣì ní ìgbà 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò pọ̀ rárá fún ẹni tó ń fara balẹ̀ tún ojú ṣe. Ìgbà 12,000 nìyẹn. Ẹni tó ń fi máòsì ṣe é ní àlọ, ó sì ní àbọ̀, ìyẹn 2.2 ìṣẹ́jú àáyá lórí ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ká tó ka títẹ̀ tó máa tẹ̀ é. Ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ kò ní àlọ, kò ní àbọ̀. Títẹ̀ nìkan ló kù fún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì jẹ́ 26,400 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí í ṣe wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 20. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ mọ iye epo tí wákàtí méje ń jẹ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ojú ni mo tún fẹ́ padà sí, nítorí òun ló wúwo jù lọ́kàn mi. Iṣẹ́ títún fọ́tò ṣe jẹ́ iṣẹ́ ìfiwéra. Nígbà tí a bá ń mú kí awọ abẹ́ ojú bá ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mu, à ń wo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn wa sì ń di ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín wọn mú. Bí ojú bá ṣí kúrò lọ sí mẹ́nù tó mọ́lẹ̀ tàbí sí àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ inú àpótí irinṣẹ́, ohun tí ọkàn dì mú yẹn á tú dànù, nígbà tí a bá sì padà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fi máòsì nìkan ṣiṣẹ́ fi máa ń tún ojú ènìyàn ṣe ju bó ṣe yẹ lọ, tí awọ á fi dán bíi ti ọmọláńgidi: kò rí gbogbo ojú náà pọ̀ ní àkókò kan náà.

Àwọn lẹ́tà tí à ń tẹ̀ wọ̀nyí ní ìtàn, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Larry Tesler àti Tim Mott, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Xerox tó wà ní Palo Alto ní California láàárín ọdún 1970 sí 1980, ni wọ́n gbé ètò gígé ọ̀rọ̀, dídà á kọ àti lílẹ̀ ẹ́ síbòmíràn kalẹ̀ nínú ètò ìkọ̀wé kan tí wọ́n pè ní Gypsy. Tesler lọ sí Apple lẹ́yìn náà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wọ̀nyí ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ X, C àti V, pẹ̀lú Z lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún dídá ohun tí a ṣe padà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò tẹ̀lé ara wọn ní ìlà ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, lábẹ́ ìka ọwọ́ òsì gan-an. Photoshop ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987 lọ́wọ́ Thomas Knoll, tó ń kàwé ní Yunifásítì Michigan nígbà náà, àbúrò rẹ̀ John sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ Adobe gbé e jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh ní oṣù Kejì ọdún 1990. Àwọn ìpele tí a mọ̀ sí layer, tí iṣẹ́ wa kò lè ṣe láìsí wọn lónìí, kò wọ inú rẹ̀ títí di ọdún 1994. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti lo Photoshop pẹ́ yóò sì rántí pé Ctrl àti Z kì í fa iṣẹ́ padà ju ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lọ. Bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, ohun tí ẹ dá padà á tún padà wá. Ctrl, Alt àti Z ni a fi ń lọ sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ púpọ̀. Ìgbà tí ó di oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni Adobe tó yí i padà kí Ctrl àti Z máa lọ sẹ́yìn bó bá ṣe wù wá. Tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣì ń ṣe bíi ti àtijọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń lo Mac, kí ó fi Command sí ipò Ctrl, kí ó fi Option sí ipò Alt, nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa ìtàn. Ẹ jẹ́ ká ṣí fọ́tò kan, ká sì wo bí ọwọ́ méjèèjì ṣe ń pín iṣẹ́ ṣe. Ìyàwó ni. Ó wé gèlè aṣọ òkè, iyùn wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn ń dán díẹ̀ níwájú orí rẹ̀, atíkè sì ti ya lábẹ́ ojú. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ó tẹ Ctrl àti 0 kí fọ́tò náà hàn tán lójú ẹ̀rọ, kí a lè mọ ohun tí ojú ẹni tó bá gbé álíbọ́ọ̀mù dání yóò kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹ Ctrl àti 1, kí fọ́tò hàn ní ìwọ̀n 100%, níbi tí a ti lè rí awọ bó ṣe rí gan-an. Bí a bá fẹ́ sún un láti ìwájú orí wá sí àgbọ̀n, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì yóò tẹ Space mọ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún yóò sì fi máòsì fa fọ́tò náà bí ẹni tó ń fa bébà lórí tábìlì. Bí a bá ti gbé àtàǹpàkò kúrò, irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ á ti padà. Nínú gbogbo ọ̀nà àbùjá tí mo mọ̀, Space ni mo máa ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, torí pé kò sí fọ́tò tí a kò ní lò ó fún.

A kì í kun orí fọ́tò gan-an. A ó tẹ Ctrl, Shift, Alt àti N pa pọ̀, ìpele òfìfo yóò jáde sórí rẹ̀ láìbi wá léèrè ohunkóhun. Lẹ́tà J yóò mú àwọn irinṣẹ́ ìwòsàn awọ wá. Shift pẹ̀lú J ni a fi ń yí láti ọ̀kan sí èkejì láàárín wọn, irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ sì wà fún gbogbo lẹ́tà tí irinṣẹ́ bá pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Tí a bá ti mú Healing Brush, a ó tẹ Alt mọ́lẹ̀, a ó tẹ máòsì síbi tí awọ ti dára, a ó jọ̀wọ́ Alt, a ó wá kun ibi tó ní àbùkù. Ẹ rí i dájú pé ohun tí ẹ yàn nínú àpótí Sample lókè jẹ́ Current & Below, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìpele òfìfo yẹn kò ní rí ohunkóhun mú.

Ìwọ̀n búrọ́ọ̀ṣì ni ohun tí à ń pààrọ̀ jù lọ, òun ló sì ń jẹ àkókò jù lọ́wọ́ àwọn tó ń fi máòsì ṣe é. Bọ́tìnnì [ ń sọ ọ́ di kékeré, ] ń sọ ọ́ di ńlá. Bí a bá fi Shift kún wọn, etí búrọ́ọ̀ṣì ni yóò máa rọ̀ tàbí kí ó máa mú. Àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni kì í gbàgbé méjì yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo kíbọ́ọ̀dù yín: apá ọ̀tún ni méjèèjì wà, tí ọwọ́ òsì bá sì ní láti rìn dé ọ̀hún, ó ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Lójú tèmi, ọ̀nà tó sàn jù lórí Windows ni kí a tẹ Alt mọ́lẹ̀, kí a tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì mọ́lẹ̀, kí a wá wọ́ máòsì: bí ó bá lọ sí ọ̀tún tàbí òsì, búrọ́ọ̀ṣì á tóbi tàbí kí ó kéré, bí ó bá lọ sókè tàbí ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ á yí padà. Lójú ibi tí a fẹ́ kùn gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, a ó máa rí i bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń bá ihò imú tàbí etí ètè mu.

Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ojú ló kàn. A ó fi ìpele Curves kan sí i tó ń mú kí fọ́tò mọ́lẹ̀ díẹ̀, a ó sì tẹ Ctrl àti I kí mask rẹ̀, ìyẹn ìbòjú tó ń pinnu ibi tí ìpele náà yóò ti hàn (funfun ń fi í hàn, dúdú ń bò ó), di dúdú, kí ìmọ́lẹ̀ náà fi ara pamọ́. B yóò mú búrọ́ọ̀ṣì wá. D yóò fi funfun sí iwájú, ìyẹn àwọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì yóò fi kùn, yóò fi dúdú sí ẹ̀yìn. Nọ́ńbà 1 yóò sọ agbára búrọ́ọ̀ṣì di 10%, 5 yóò sọ ọ́ di 50%, 0 yóò dá a padà sí 100%. Tí a bá sì yára tẹ 3 àti 5 tẹ̀léra, 35% ni yóò jẹ́. Ní ìwọ̀n 10% yìí, a ó máa fi funfun pa abẹ́ ojú ìyàwó náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí tí yóò fi bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mu. Níbi tí ó bá ti pọ̀ jù, a ó tẹ X, dúdú yóò wá sí iwájú, a ó sì fi pa á rẹ́. A ó tún tẹ X, funfun yóò padà. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í dúró: X, kùn, X, kùn, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ìyàwó náà. Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí a ti kùn dé, bọ́tìnnì \ yóò fi àwọ̀ pupa bo ibi tí mask bò, kí a lè rí ibi tí a fò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Irinṣẹ́ tó ń yára yìí lè gbé ènìyàn lọ ju ibi tó yẹ kó dé. Àwọ̀ ara ìyàwó kì í ṣe tiwa láti bó. Ilà ojú, àmì àbímọ́ni, ìlà tí ẹ̀rín fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í, gbogbo wọn ló jẹ́ ti oní-ǹkan, ẹni tó bá ni wọ́n ló lè sọ pé ká mú wọn kúrò. Òógùn àti atíkè tó ya nìkan ni ọjọ́ náà fi kún un, àwọn nìkan sì ni mo máa ń mú kúrò láìbéèrè.

Nígbà tí a bá rò pé ó tó, a ó tẹ F láti mú kí fọ́tò gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, a ó tẹ Tab kí àwọn àpótí gbogbo fi ojú pamọ́, a ó wò ó. A ó tún fi wọ́n hàn, a ó tẹ Alt, a ó sì tẹ máòsì sí àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá: gbogbo ohun tí a ṣe yóò pòórá, fọ́tò àtilẹ̀wá yóò hàn. Bí a bá tún tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ wa yóò padà. Ẹni tí kò bá ṣe ìfiwéra yìí kí ó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kò tíì parí iṣẹ́.

Àwọn ìdẹkùn kan wà tó máa ń mú kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rò pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, mo sì fẹ́ dárúkọ wọn kíákíá. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá dédé di àmì àgbélébùú tín-ín-rín, tí roboto rẹ̀ kò hàn mọ́, Caps Lock ló wà lórí. Ẹ pa á. Bí ìpele kan bá dédé ṣá, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́, ó ṣeé ṣe kí Move Tool ti lẹ́tà V ni ó wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ tẹ nọ́ńbà, torí pé nọ́ńbà kan náà tó ń yí agbára búrọ́ọ̀ṣì padà ni yóò yí ti ìpele padà bí kò bá sí búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì ń kọ orúkọ tọkọtaya sórí fọ́tò, tí ẹ tẹ V kí ẹ lè sún un, tí lẹ́tà v wá lẹ̀ mọ́ orúkọ wọn, ẹ̀bi Photoshop kọ́: ẹ kò tíì jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ kíkọ. Ctrl àti Enter ni a fi ń jáde.

Kí fọ́tò 120 yẹn tó dé Photoshop, ẹnìkan ti ní láti ṣà wọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń lo Lightroom Classic fún ṣíṣà, P ni ti èyí tí ẹ mú, X ni ti èyí tí ẹ kọ̀, U ni ti èyí tí ẹ fẹ́ yọ àmì kúrò lára rẹ̀. Ibí yìí ni Caps Lock ti wúlò: bí ó bá wà lórí, bí ẹ bá ṣe ń tẹ P tàbí X ni fọ́tò tó kàn yóò máa wọlé fúnra rẹ̀. Ctrl, Shift àti C yóò da àtúnṣe tí ẹ ṣe lára fọ́tò kan kọ. Ctrl, Shift àti V yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo èyí tí wọ́n yà lábẹ́ iná kan náà. Ẹni tí kò bá ní owó tí wọ́n ń san fún Adobe lóṣooṣù, kí ó má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun: Photopea, tí a ń lò láti inú búráúsà, tẹ̀lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ́tìnnì Photoshop, GIMP tó jẹ́ ọ̀fẹ́ sì ní tirẹ̀, nínú èyí tí X àti D ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ó wá ku iṣẹ́ tí kò yẹ kí ọwọ́ kankan máa ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọdún 1996 ni Photoshop ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní Actions: a ó ní kí ó máa wo ohun tí a ń ṣe, a ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa tún un ṣe bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì kan nínú àwọn F tó wà lókè kíbọ́ọ̀dù. Ẹ wo fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rí owó ojúmọ́. Mílímítà 35 sí 45 ni. Ní ìwọ̀n 300 píksẹ́lì (àwọn àmì wínníwínní tó para pọ̀ di fọ́tò) sí íńṣì kan, ó jẹ́ píksẹ́lì 413 sí 531. Bébà íńṣì 4 sí 6 jẹ́ píksẹ́lì 1200 sí 1800. Bí a bá tẹ Ctrl, Alt àti C, tí a fẹ ààyè fọ́tò náà sí píksẹ́lì 450 sí 600, àlà funfun yóò yí i ká, mẹ́rin yóò sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìlà méjì, mẹ́jọ lápapọ̀, tí wọ́n á gba bébà náà tán géérégé láìṣẹ́kù. Ẹ gba iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: fífẹ ààyè, ṣíṣe ẹ̀dà, sísún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní píksẹ́lì 450 sí ẹ̀gbẹ́ tàbí 600 sí ìsàlẹ̀, sísọ gbogbo rẹ̀ di ìpele kan. Ẹ fún un ní F5. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹ bá ti gé ojú ọmọ ilé-ìwé kan dáadáa, F5 nìkan ló kù. Tí ó bá jẹ́ odidi kíláàsì ni, ẹ gba inú mẹ́nù File lọ sí Automate, ẹ yan Batch, ẹ fi fódà hàn án, yóò sì ṣe gbogbo wọn nígbà tí ẹ bá ń dá oníbàárà mìíràn lóhùn.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ gbogbo èyí? Mi ò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ ìwé gígùn mọ́ ògiri kí ó máa há a sórí. Ẹ ṣiṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì kíyè sí ibi tí máòsì ń sáré lọ jù. Ẹni tó ń tún ojú ṣe yóò rí i pé àpótí ìwọ̀n búrọ́ọ̀ṣì ni. Ẹni tó ń ṣe káàdì ìpè yóò rí i pé Ctrl àti T ti ìfẹ̀ àti ìsún ni, pẹ̀lú Ctrl àti J ti ṣíṣe ẹ̀dà. Ohun tí ẹ bá rí yẹn ni kí ẹ kọ́ bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹ má sì fi máòsì ṣe é mọ́ títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ á falẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó falẹ̀. Nígbà tí ó bá ti di ti ọwọ́, tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé bọ́tìnnì wo lẹ tẹ̀, ẹ óò ní láti wo ìka yín kí ẹ tó lè dáhùn, ìgbà yẹn ni ó tó láti mú òmíràn.

Wọ́n bi mí pé kí ni ẹni tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò rí bíi tiwa yóò ṣe, mo sì fẹ́ kí ìbéèrè náà wọ inú ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ yìí, torí pé ó kan àwọn ará wa tó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí kíbọ́ọ̀dù Faransé wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Lórí kíbọ́ọ̀dù náà, A àti Q ti pààrọ̀ àyè, Z àti W pẹ̀lú, nítorí náà Z kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ X, C àti V mọ́. Ìlà òkè ló wà. Ìyẹn kò nira púpọ̀, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń dá wọn dúró ni [ àti ], tí a kò lè rí tẹ̀ níbẹ̀ láìfi AltGr kún un, Windows sì ń ka AltGr sí Ctrl àti Alt tí a tẹ̀ pọ̀, kò sì yẹ kí ìyípadà ìwọ̀n búrọ́ọ̀ṣì nìkan gba gbogbo ìka yẹn. Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lo Alt pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bọ́tìnnì, kí ó tẹ Ctrl, Alt, Shift àti K. Àpótí Keyboard Shortcuts yóò ṣí. Kí ó yan Tools, kí ó wá Decrease Brush Size àti Increase Brush Size lọ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó sì fún wọn ní lẹ́tà irinṣẹ́ méjì tí kì í lò rárá. Photoshop yóò kìlọ̀ fún un pé lẹ́tà náà ní ẹni tó ni ín. Kí ó gbà, kí ó tẹ̀síwájú. Kí ó wá tọ́jú gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .kys ni yóò jáde, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè gbé e sínú fláàṣì lọ sí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tí a bá fẹ́ jókòó tì, bọ́tìnnì Summarize tó wà nínú àpótí kan náà yóò sì to gbogbo ọ̀nà àbùjá náà sójú ewé kan tí a lè tẹ̀ jáde fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn wa.